Ọjọ́ tí Péjú Lé Ọkọ Rẹ̀ Kúrò Lórí Pápá

Bí ẹ bá dé Conyers, ìlú kékeré kan nítòsí Atlanta, tí ẹ ní Péjú Adégbénró lẹ ń wá láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà ibẹ̀, ẹlòmíràn lè ronú díẹ̀ kó tó dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Rẹfirí ni, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín, wọn yóò sì mú yín dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Obìnrin náà kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Nọ́ọ̀sì ni, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni. Aláìsàn á jókòó ti ẹ̀rọ títí ara á fi ro ó, á bínú sí ẹ̀rọ, á bínú sí Ọlọ́run, á sì wá kanra mọ́ nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí. Péjú á kàn fa àga, á jókòó tì í, á ní, "Sir, you can shout. I'm not going anywhere." Bó bá yá, ariwo á rẹ ẹni náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fún un.

Ìlaròó ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà nílé ìwé, àwọn ọmọkùnrin ló ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọbìnrin a sì dúró létí pápá, wọn a máa ṣọ́ bàtà wọn. Kò mọ bọ́ọ̀lù gbá rárá. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé bí òun bá ta bọ́ọ̀lù, bàtà òun ni yóò kọ́kọ́ dé ibi tí òun fojú sùn. Ṣùgbọ́n ó lójú. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé bí èèyàn bá yọ ẹran kan nínú ìkòkò, bí Péjú tilẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, yóò mọ̀. Kò ní pariwo o. Yóò kàn wo ẹni tó jẹ ẹ́, títí ẹni náà á fi jẹ́wọ́.

Ọkọ rẹ̀, Babáfẹ́mi, yàtọ̀ sí i bí ọ̀sán ṣe yàtọ̀ sí òru. Ọmọ Ìbàdàn ni, abara gìdìgbà, ohùn rẹ̀ a máa kún inú ilé. Bó bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà níta níbi ìgbọ́kọ̀sí a máa ṣe àmín. Ó ń ṣe ọ̀gá kékeré ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Forest Park, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ ọkàn rẹ̀. Kò sí ìdíje tí kò ní máa wò, kò sì sí rẹfirí kan láyé yìí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Bí Péjú ṣe di rẹfirí, àṣìṣe ló fi wọ̀ ọ́. Eli, àkọ́bí wọn, wà ní kékeré nígbà yẹn, ó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé ní Conyers. Ní Sátidé ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe rẹfirí fún wọn ṣe ìdájọ́ kan tí kò dùn mọ́ àwọn òbí nínú. Ni gbogbo wọn bá figbe bọnu. Wọ́n bú ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi bọ́ fèrè sílẹ̀ lórí koríko, tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ sínú mọ́tò ìyá rẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó àwọn ọmọ wá kọjú sí àwọn òbí, ó ní ta ló lè ran àwọn lọ́wọ́ báyìí. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Láti ibi iṣẹ́ ni Péjú ti wá síbẹ̀ tààrà, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó nawọ́ sókè. Ó rò pé ọmọ kan ló fara pa, tí wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, fèrè ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó tiraka títí eré ọjọ́ náà fi parí. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé ó dùn mọ́ ọn. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù gan-an ló dùn mọ́ ọn. Rírí ló dùn mọ́ ọn, kí èèyàn dúró sáàárín àwọn tó ń sáré, kó sì mọ ẹni tó fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹnìkejì. Nígbà tó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ rẹfirí.

Babáfẹ́mi rẹ́rìn-ín títí omi fi lé rogódó lójú rẹ̀. "Ìwọ wo, Péjú? Ìwọ tí o kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ́fsáìdì?"

"Ẹ kọ́ mi, Daddy Eli."

Ni ọkọ bá kó ṣíbí àti fọ́ọ̀kì jáde láti ibi ìdáná, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ṣíbí ọbẹ̀ ni aṣọ́lé, àwọn fọ́ọ̀kì ni agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, agolo mílíìkì kékeré ni bọ́ọ̀lù. Ó ń tì wọ́n síwá, ó ń tì wọ́n sẹ́yìn, ó ń ṣàlàyé, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ẹni tó ń gbá ife àgbáyé. Joanna, àbúrò Eli, wá mú fọ́ọ̀kì kan kó lè fi jẹ núdùsì rẹ̀, ni bàbá rẹ̀ bá pariwo, "Joanna, dá a padà! Bákì ọ̀tún wa lo ń gbé lọ yẹn!" Péjú lọ kọ́ iṣẹ́ náà, ó ṣe ìdánwò rẹfirí, ó sì yege. Láti ìgbà yẹn, kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí kì í lọ fọn fèrè fún àwọn ọmọdé, àfi bí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ní báyìí, ìdíje kan wà ní Atlanta tí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń pè ní Ife Aládùúgbò. Àwọn tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ńlá ní Forest Park ló dá a sílẹ̀ ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Ariyànjiyàn ló bí i: ọmọ Nàìjíríà ní kò sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀lù bí tiwọn, ọmọ Gánà ní irọ́ ni, ọmọ Tógò àti ọmọ Benin sì ní kí wọ́n bọ́ sí gbangba kí wọ́n wò ó. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó fara ti ara wọn létí òkun wá di ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbá a, lórí kọnkéré. Nígbà tó yá, ìlú fún wọn ní pápá tó ní koríko. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbá a, tọmọtọmọ, tẹbítẹbí, pẹ̀lú kúlà tó kún fún ohun mímu tútù.

Nàìjíríà àti Gánà ló máa ń gba ife náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Tógò ti gbà á rí. Benin nìkan ni kò fọwọ́ kàn án rí. Wọ́n ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, àwọn ọmọ Nàìjíríà a máa kí wọn pé, "Ẹ káàbọ̀ o, oúnjẹ ti jinná," bí ẹni pé torí àsun nìkan ni wọ́n ṣe wá. Nurain ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ọmọ Kétu ilẹ̀ Benin. Ibi iṣẹ́ kan náà ni òun àti Babáfẹ́mi wà. Wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán, wọ́n jọ ń ta ara wọn lẹ́nu. Yorùbá Nurain jinlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ibẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí inú bá ń bí i, èdè Faransé ló máa ń jáde.

Babáfẹ́mi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà.

Ẹni tí yóò ṣe rẹfirí ni ìṣòro ìdíje yìí. Bí ọmọ Gánà bá ṣe é, wọ́n á ní ó ń ṣègbè. Bí ọmọ Nàìjíríà bá ṣe é, kí a má sọ ọ́. Lọ́dún kan, wọ́n lọ wá òyìnbó kan wá. Nígbà tí ìyá àgbà kan gbé agboòrùn wọ inú pápá láti bá a jíròrò, ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó sì lọ sílé láìdúró gba omi mu. Ìgbà yẹn ni Uncle Akíntóyè, alága ìgbìmọ̀, dárúkọ Péjú.

Ariwo sọ. Wọ́n ní obìnrin ni. Wọ́n ní ìyàwó akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà ni. Nurain ló dìde.

"Ẹ jẹ́ kó ṣe é," ó ní. "Mo ti jẹun nílé obìnrin yìí. Ọkọ rẹ̀ jókòó, èmi jókòó, àwọn ọmọ jókòó, ó sì pín ẹran fún wa. Mo wo àwo ọkọ rẹ̀, mo wo tèmi. Ọ̀kan náà ni. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ara rẹ̀, kò ní rẹ́ mi jẹ ní pápá."

Wọ́n wá fẹnu kò pé Péjú yóò máa ṣe rẹfirí, ṣùgbọ́n kò ní fọn fèrè nínú eré tí Nàìjíríà bá wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe é lọ láìsí wàhálà, títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí.

Lọ́dún náà, Benin gbá Gánà jáde, Nàìjíríà na Tógò. Ó wá ku Nàìjíríà àti Benin fún àṣekágbá. Ọmọ Tógò kan ló yẹ kó ṣe rẹfirí. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, fóònù ọkùnrin náà dún: ìyàwó rẹ̀ ti ń rọbí. Ó fò sínú mọ́tò pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, gbogbo èèyàn sì ń ké tẹ̀lé e pé ọ̀nà á là o, tibi tire o. Lẹ́yìn tó lọ tán, gbogbo ojú yí sí Péjú, tó jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú Joanna, tó ń jẹ ẹ̀pà.

"Èmi kọ́," ó ní. "A ti sọ ọ́."

Uncle Akíntóyè bojú wo Nurain. Nurain ní òun kò yí ọ̀rọ̀ òun padà. Babáfẹ́mi ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí Péjú ń so okùn bàtà, ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀, ó ní, "Má gbàgbé ẹni tó kọ́ ọ ní ọ́fsáìdì o."

"Ẹ lọ dúró sí àyè yín, Daddy Eli," ni Péjú fi dá a lóhùn.

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Forest Park kò sì jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, nítorí náà ìgbà gbogbo ni bàálù ń kọjá lókè wọn ní ìsàlẹ̀ ìsàlẹ̀, débi pé bí ọ̀kan bá ń kọjá, ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Benin ló kọ́kọ́ jẹ góòlù. Babáfẹ́mi ń sáré lẹ́bàá ìlà bí adìyẹ tó pàdánù ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsinmi, Nàìjíríà dá a padà, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó jókòó mọ́.

Nígbà tí eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Nàìjíríà rí bọ́ọ̀lù igun gbà. Wọ́n ta á wọlé. Èrò pọ̀ lójú ilé, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń fò. Adéfọlá, ọmọ tí wọ́n bí ní Atlanta níbí, tó ń lọ sí yunifásítì, ló ga ju gbogbo wọn lọ. Ó fò, bọ́ọ̀lù sì wọ inú àwọ̀n.

Ilẹ̀ mì. Àwọn ìyá ṣí ìborùn, àwọn ọmọdé ya wọ pápá. Babáfẹ́mi kúnlẹ̀ lórí koríko, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè ọ̀run. Lásìkò yẹn gan-an ni bàálù kan ń kọjá lókè.

Péjú ti fọn fèrè. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó dúró sójú kan náà láàárín àwọn tó ń jó, ó gbé apá rẹ̀ kan sókè, ó ń retí kí bàálù lọ. Ó ti rí i: ọwọ́ ni. Orí Adéfọlá kò dé ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ọwọ́ rẹ̀ ló dé ibẹ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò sì bá wọn jó. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Bàálù lọ. Àwọn tó wà nítòsí kọ́kọ́ rí obìnrin tó gbé apá sókè, wọ́n dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà ń tàn lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Babáfẹ́mi lórí ìkúnlẹ̀.

"Kí ló dé?" ó ní.

"Ọwọ́ ló fi gbá a," ni Péjú wí. "Kì í ṣe góòlù."

Babáfẹ́mi dìde. Ó rìn wọ inú pápá. "Ọwọ́ wo? Péjú, ọwọ́ wo?"

"Daddy Eli, ẹ padà sẹ́yìn ìlà."

"Ṣé o ń gbọ́ mi? Mo ní ọwọ́ wo?"

Péjú yọ káàdì yẹ́lò. Ó rò pé ọkọ òun yóò padà. Kò padà. Ó súnmọ́ ọn sí i, ó na ìka sí i, ohùn rẹ̀ sì dé gbogbo igun pápá: "Ìwọ tí mo fi ṣíbí kọ́ lórí tábìlì! Ṣíbí mi! Tábìlì mi! Ìwọ lo ń yọ káàdì sí mi?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ojú Péjú kò yí padà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa káàdì pupa yọ, ó sì gbé e sókè. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sókè ni orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀. Kò mọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ti wọ̀ ọ́ lára. Láti ọjọ́ tó ti dé ilé ọkọ, kò fi ìdúró na nǹkan sí ọkùnrin yìí rí. Káàdì wà lókè, orúnkún wà nísàlẹ̀, ó sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bọ́ síta."

Bí ẹni tó ya omi ni ẹ̀rín ṣe ya lórí pápá náà. Àwọn ọmọ Benin ń rín, àwọn ọmọ Gánà ń yí nílẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà pàápàá kò lè mú un mọ́ra. Uncle Akíntóyè bo ojú rẹ̀. Babáfẹ́mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó yí padà, ó sì ń lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, èjìká rẹ̀ sì rọ̀ bí aṣọ tí òjò pa.

Nígbà tó dé ibi mọ́tò, ó bá a ní títì. Inú báàgì Péjú ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó dúró nínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀ kó tó pe Joanna lórí fóònù, ó ní kó bá òun mú kọ́kọ́rọ́ wá, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Inú mọ́tò ni ó wà nígbà tí eré parí ní ọ̀kan sí ọ̀kan, tí wọ́n sì wá gbá pẹnárítì. Ó ń gbọ́ ariwo, ṣùgbọ́n kò mọ ta ló ni í, àfi ìgbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ké ní èdè Faransé bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. Ó mọ ohùn náà. Benin ti gba Ife Aládùúgbò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Nurain dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Tọkọtaya náà àti Joanna gba ọ̀nà I-20 lọ sílé. Nígbà tí ó yá, Joanna ní, "Daddy, to be fair, ọwọ́ ni o."

"Joanna, pa ẹnu rẹ mọ́."

Wọ́n délé. Babáfẹ́mi gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò tàn. Eli pe ìyá rẹ̀ láti ilé ìwé, ó ń rẹ́rìn-ín: "Mummy, you're everywhere! Everybody is sending me you!" Ẹnì kan ti ya fídíò ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ti fi ránṣẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti dé London, ó ti dé Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ náà wọ inú ọ̀sẹ̀. Babáfẹ́mi kò bá a jà, kò bú u. Ó kàn dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ sì nira lára ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń kún ilé. Síbẹ̀, nígbà tí Péjú fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ó rí i pé ọkọ òun ti lọ rọ epo sínú mọ́tò òun, bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Wẹ́sidé, ẹ̀gbọ́n Babáfẹ́mi obìnrin, Aunty Gbémi, pe Péjú láti Ìbàdàn. Ẹ̀rù ba Péjú kó tó gbé fóònù.

"Péjú, ṣé òótọ́ ni pé o kúnlẹ̀ kí o tó lé àbúrò mi?"

"Aunty, n kò kúnlẹ̀ o, mà. Orúnkún mi ló kàn tẹ̀."

Aunty Gbémi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ọmọ ire ni ọ́. Mo ti wo fídíò yẹn títí. Ó yẹ kí ẹnì kan ti lé ọmọ yẹn jáde látọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù láti kékeré. Ṣùgbọ́n lọ bẹ̀ ẹ́."

"Kí n bẹ̀ ẹ́ pé kí ni, mà? Ọwọ́ ni. Mo rí i."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ọwọ́? Má bẹ̀ ẹ́ torí káàdì. Bẹ̀ ẹ́ torí ẹ̀rín. Wọ́n fi ọkọ rẹ rẹ́rìn-ín lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn ún."

Péjú ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ní tòótọ́, kò tíì wò ó láti ibẹ̀ rí, òun tí wọ́n ní ojú rẹ̀ kì í ṣìnà. Nírọ̀lẹ́, ó bá Babáfẹ́mi lẹ́yìn ilé, ó ń ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ náà títí ọkọ rẹ̀ fi pa á.

"Daddy Eli, mo wá bẹ̀ yín. Kì í ṣe torí káàdì o. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá tún yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí wọ́n fi yín rín, n kò fẹ́ ẹ. Ó dùn mí. Ẹ má bínú."

Babáfẹ́mi nu òógùn ojú rẹ̀. Ó wo koríko tó ti gé, ó wo èyí tí kò tíì gé.

"Èmi náà rí i," ó ní.

"Ẹ rí kí ni?"

"Ọwọ́. Mo rí ọwọ́ ọmọ yẹn kedere ju bí mo ṣe ń rí ọ báyìí lọ. Mo ti kúnlẹ̀ kí n má baà tún rí i." Ó mí kanlẹ̀. "Ta ló fẹ́ kí Nurain wá máa fi ife hàn mí níbi oúnjẹ ọ̀sán?"

Péjú wò ó. Ó fẹ́ gbé ojú ro, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ọkọ rẹ̀ náà sì bú sẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì di ara wọn mú láàárín koríko, Joanna sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé bí ẹni tó ń wo àwọn tí orí wọn dàrú.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Nurain wá sí Conyers. Ó gbé ife náà sórí àga mọ́tò, ó fi bẹ́líìtì dè é bí ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ ìrẹsì àti ẹja díndín lọ́wọ́. Nurain dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo mọ̀ pé ẹ kò rí i nígbà tí a gbà á. Inú mọ́tò lẹ wà. Mo ní kí n gbé e wá kí ẹ lè rí i dáadáa."

Babáfẹ́mi tẹjú mọ́ ọn. "Nurain, Ọlọ́run ò ní foríjì ọ́." Ó sì fà á wọlé. Wọ́n jẹun, wọ́n fi ife ṣe àwo ẹ̀pà sáàárín tábìlì. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ rò pé ẹnikẹ́ni kò wo òun, Péjú rí i tó gbé ife náà, tó fi ọwọ́ ra á lára, tó sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó lẹ́yìn ìdíje, àwọn kan ní kí wọ́n má jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́: kí Péjú fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí àlàáfíà lè wà nínú ilé onílé. Uncle Akíntóyè béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ. Babáfẹ́mi dìde.

"Àlàáfíà wà nílé mi," ó ní. "Ẹ má bá mi wá èyí tí kò sọnù. Ẹ wo gbogbo rẹfirí tó ti fọn fèrè fún wa láti ọjọ́ yìí wá. Ta ni a kò tíì bú pé ó ń ṣègbè? Ṣùgbọ́n láti ìgbà àṣekágbá yìí, ṣé ẹ ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ nípa obìnrin yìí? Ó lé mi. Èmi! Ta ló kù tí yóò ṣègbè fún?" Ó jókòó, ó tún dìde. "Ìyípadà kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Ẹ sọ ọ́ di òfin pé bí wọ́n bá lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, kí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń rín jù. Uncle Akíntóyè yíjú sí Péjú tó jókòó lẹ́yìn, ó bi í bóyá yóò gbà láti ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀, pẹ̀lú eré Nàìjíríà àti ohun gbogbo. Péjú ní òun gbọ́, òun sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè sọ ọjọ́ tí yóò jẹ́ fún òun. Sátidé ni àwọn aláìsàn òun pọ̀ jù, òun sì gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò bá òun jókòó tì wọ́n.